Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Ṣàfíù

Ọ̀gá Babárìndé kì í ṣe ahun o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ ọn. Owó rẹ̀ ni kò fẹ́ràn ìrìn àjò. Nígbà tí katakata tó ń la gọ́tà lójú títì Ìgandò gé wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn tó ni wáyà ní àfi kí àwọn na òmíràn, ó fetí sí wọn dáadáa, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ tán ló yọjú sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó sí.

"Ẹ gbé ti Ṣàfíù jáde," ló wí, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dìde. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tó ń rà á àti àwọn tó ń jà sí i. Princess, akọ̀wé wọn, tó jẹ́ ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí sí Akọ́wọ́njọ, tó sì ń gbọ́ Yorùbá ju àwọn tó ni ín lọ, wo ojú Olútáyọ̀. Olútáyọ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán náà. Òun náà wo ilẹ̀. Òun àti Ṣàfíù ni wọ́n jọ ń pín tábìlì kan nígbà ayé Ṣàfíù, kò sì tíì pé ọdún kan tí ọ̀kadà gbé Ṣàfíù já sínú kòtò lọ́nà Ìjẹ̀gùn lọ́jọ́ òjò, tí kò dìde mọ́.

"Wò ó, èmi ò ní wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn," ni Princess wí. "Ìwọ lọ jàre. Ọ̀rẹ́ ẹ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Olútáyọ̀ ṣe gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Ọgbọ́n tí Ṣàfíù dá sílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣòro. Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́, sórí àga. Ó ki modẹ́ẹ̀mù kékeré kan bọ̀ ọ́ nídìí, irú èyí tó ń gba síìmù sínú. Ó wá na wáyà láti ara rẹ̀ lọ sí tábìlì oníkálukú. Láàárọ̀, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni yóò tẹ nọ́ńbà jáde, òun nìkan náà sì ni àwọn ará ìta mọ̀. Bí Princess bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, òun ni yóò bá a jẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ka ìròyìn bọ́ọ̀lù nígbà tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́, òun ni yóò lọ gbé e wá. Aṣojú gbogbo wọn ni.

Síìmù tó wà nínú modẹ́ẹ̀mù náà, ti Ṣàfíù fúnra rẹ̀ ni. Dátà ọ̀pọ̀ kan wà lórí nọ́ńbà rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, irú èyí tí wọn kì í fún oníbàárà tuntun mọ́. Láàárọ̀ Ṣàfíù á yọ ọ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀, nírọ̀lẹ́ á dá a padà. Lọ́jọ́ tó kú, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Olútáyọ̀ fi èékánná họ eruku kúrò lẹ́nu ihò wáyà. Ó nu ara kọ̀ǹpútà náà, ó ki wáyà tó ti yọ padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà síta láti sọ fún kọ̀ǹpútà oníkálukú pé yàrá ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa gbà jáde. Ìgbà tó tún wọlé, ó ra dátà sórí nọ́ńbà náà, ó sì tan iná. Fáànù inú àpótí náà kọ́kọ́ wúkọ́, ó tún wúkọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó ń mí gan-an ni, bí ẹni tó gun àkàbà. Olútáyọ̀ tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Iná modẹ́ẹ̀mù ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, ó wá dúró ṣinṣin.

Ṣàfíù fẹ́ràn àwàdà nígbà ayé rẹ̀. Ó ti ṣètò rẹ̀ pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn. Olútáyọ̀ ti gbàgbé. Ìgbà tó gbọ́ tí àga Princess ṣubú lóde ló rántí. Ó sáré jáde, ó sì bá a lójú gbogbo kọ̀ǹpútà pátá, lẹ́tà gàdàgbà: ṢÀFÍÙ TI WỌLÉ.

Princess ti gbé báàgì rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀, kò sì padà wọlé títí oòrùn fi yí.

Bí a bá dé inú ohun tó ń dẹ́rù bani, tí a kò rí ibi sá sí, a ó sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní Ṣàfíù, bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tí ẹni tó ni orúkọ wà láyé. "Ṣé Ṣàfíù ti dé?" "Ó ti dé." "Ṣàfíù ti lọ o." "Ẹ pè é padà." Princess gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó fẹ́ fi wọ́n kọ̀ǹpútà náà lára, Olútáyọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́, àdúrà tàbí kò sí àdúrà. Ó wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi orin tì í lẹ́yìn. Ọ̀gá Babárìndé ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, kó ṣáà ti jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Olútáyọ̀ nìkan mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, lẹ́yìn tí iná ti dúró, kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn dún tíń. Ó tún dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń wọlé sórí síìmù Ṣàfíù, wọ́n sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú kọ̀ǹpútà náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo wọn. Orúkọ tí Ṣàfíù fi pe nọ́ńbà náà ni Ìyá Mi.

"Ṣàfíù ọmọ mi, òjò rọ̀ lónìí. Mo ká aṣọ kó tó dé."

"Ṣàfíù, àgbàdo tuntun ti jáde. Mo rà, mo sì jẹ tìrẹ mọ́ tèmi."

"Ṣàfíù, mo tún bi àwọn àbúrò bàbá rẹ léèrè ibi tí wọ́n sin ọ́ sí. Wọ́n ní òbí kì í mọ ibẹ̀. Èmi kò ní kí wọ́n mú mi débẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Olútáyọ̀ tún wọn kà. Obìnrin náà mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ó mọ̀, ó sì ń kọ̀wé sí i, ó ń kọ ọ́ dáadáa, láì gé ọ̀rọ̀ kankan kúrú, nítorí tísà ni ìyá Ṣàfíù, Alájà Ìdíátù, ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣàfíù máa ń sọ ọ́ pé bí òun bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ gé-kúrú ránṣẹ́ sí ìyá òun, àtúnṣe ni yóò fi dá a padà.

Ó yẹ kí Olútáyọ̀ pa wọ́n rẹ́. Ó yẹ kó yọ síìmù náà lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún ọ̀gá pé ó bàjẹ́. Kò ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó padà sí yàrá ẹ̀yìn láti wò ó bóyá òmíràn ti wọlé. Òmíràn ti wọlé.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe é, ó yẹ kí n sọ pé Olútáyọ̀ kò mọ ìyá. Ìyá rẹ̀ kú kó tó mọ̀ ọ́n sójú, àbúrò bàbá rẹ̀ kan ló wò ó dàgbà, nínú ilé tí ọmọ mẹ́sàn-án ti ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ bóyá o jẹ tàbí o kò jẹ. Ohun kan ni àbúrò bàbá náà fi pàṣán kọ́ ọ: bí àgbà bá kí ọ, o gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí inú bá ń bí ọ, dáhùn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dáhùn. Ẹni tí kò bá dá àgbà lóhùn, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ó jókòó sórí àpótí níwájú kọ̀ǹpútà náà nígbà tó dún tíń. "Ṣàfíù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni ìyá náà kọ, bí ìyá ṣe máa ń fi ẹ pe ọmọ tó bá ń ṣìkẹ́. "Ṣé o ti jẹun?"

Ebi ń pa á lọ́jọ́ náà ní ti gidi. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti dáhùn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo ti jẹun. Mo yó."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Olútáyọ̀ gbá orí kọ̀ǹpútà náà mú bí ẹni pé ó lè fa ọ̀rọ̀ náà padà jáde. Ó fojú inú wo arúgbó obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mú fóònù lọ́wọ́, tí ọmọ rẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ ń sọ fún un pé òun yó. Ẹ̀rù bà á. Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan pé, "Mo ti pa ìyá oníyàá."

Ìyá náà kò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ kejì. Kò kọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Olútáyọ̀ kò lè jẹun, bẹ́ẹ̀ òun ló ní òun yó. Ìgbà tí èsì wá dé, ó kúrú.

"Alhamdulillah. Kí lo jẹ?"

Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pàápàá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kì í ṣe Ṣàfíù." Ó wò ó títí, ó pa á rẹ́, ó kọ "Ìrẹsì àti ẹ̀wà" dípò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í jókòó síbẹ̀. Ìyá náà á sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò fún un, olè tí wọ́n mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí orúnkún ń dùn, ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ ẹ̀fọ́ òun. Òun náà á sọ pé òjò ń rọ̀ ní Èkó, pé ojú ọ̀nà ò dáa. Ó ṣọ́ra kó má sọ ohun tí Ṣàfíù kò ní sọ. Inú rẹ̀ ń dùn sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Bó bá sùn, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lójú àlá kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ ní ìdí kẹ̀kẹ́ ní Ìkọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn lóhùn pé Ṣàfíù.

Kọ̀ǹpútà náà sì bẹ̀rẹ̀ ìwà kan. Láàárọ̀, kí Olútáyọ̀ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀kùn, á ti máa gbọ́ bó ṣe ń mí nínú yàrá ẹ̀yìn, á sì bá ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀: ṢÀFÍÙ TI WỌLÉ. Ó mọ ohun tó fà á. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé bí iná bá dé, kó jí fúnra rẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ irun orí rẹ̀ ń dìde. Òkú náà ń jí ṣáájú wọn, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ṣáájú wọn, gbogbo wọn sì ń jáde sí ayé lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni ìyá náà kọ̀wé pé, "Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo mọ ilé-iṣẹ́ yín, ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lo ti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi."

Olútáyọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má wá, mà. Ọ̀nà jìn. N kò ní sí níbẹ̀."

"Mò ń bọ̀," ni ìyá náà kọ. Kò kọ nǹkan mìíràn mọ́.

Olútáyọ̀ lọ bá ọ̀gá pé ó yẹ kí àwọn pa kọ̀ǹpútà yẹn tì. Ọ̀gá Babárìndé wò ó bí ẹni tó ní kí àwọn tú òrùlé ká. Ní Ọjọ́bọ̀ gan-an ni àwòrán ilẹ̀ ńlá kan yóò lọ, ó ní, Ṣàfíù ni yóò sì gbé e lọ. Olútáyọ̀ padà sídìí tábìlì rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, irọ́ tirẹ̀ kò sì tíì rìn jìnnà rárá.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Olútáyọ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń bá wáyà jà, nígbà tí arúgbó obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sí òkè. Ó kéré, ó wọ híjáàbù funfun, ó mú agbòòrùn tó ti rin dání. Princess kí i, ó fún un ní àga, ó ní kó jókòó díẹ̀, ó rò pé oníbàárà ni. Obìnrin náà jókòó, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀.

Láti inú yàrá rẹ̀ ni ọ̀gá ti ké sí wọn. "Olútáyọ̀, Ṣàfíù ti tún lọ o. Jọ̀ọ́, lọ jí i."

Obìnrin náà gbójú sókè.

"Ó ń bọ̀, sà," ni Princess dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lórí ìwé. "Látàárọ̀ ló ti ń ṣe báyìí. Ó kàn ń sùn ni ṣá."

"Kó má sùn lónìí, jàre. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Bó bá ti jí, kó tètè gbé àwòrán yẹn lọ. Kí ló dé tí Ṣàfíù ya ọ̀lẹ báyìí ná?"

Obìnrin náà na ọwọ́, ó fi kan tábìlì Princess. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni wọ́n ní kí wọ́n jí yẹn?"

Princess rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wulẹ̀ dá wa lóhùn, Màmá. Kọ̀ǹpútà wa ni. Ẹni tó ṣe é ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti kú." Ó wá rí ojú obìnrin náà. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni Ṣàfíù padà dé. Ó yọ lójú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá, lẹ́tà gàdàgbà, níwájú ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kà á, ètè rẹ̀ ń mì bí ti tísà tó ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Olútáyọ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́, ó rí i, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ lo ń dá mi lóhùn," ni Alájà Ìdíátù wí.

"Èmi ni, mà. Ẹ dárí jì mí, mà."

"Àtọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ṣàfíù ò yó rí. Bó bá jẹ odidi ìkòkò ìrẹsì tán, tí n bá bi í léèrè, á ní ebi ń pa òun, kí n lè fi gàrí àti ẹran ránṣẹ́ sí i. Ìwọ ní o yó."

"Kí ló dé tí ẹ tún ń kọ̀wé sí mi, mà?"

"Ilé mi dákẹ́," ló wí. "Dìde. Mú mi lọ wò ó."

Olútáyọ̀ mú un dé yàrá ẹ̀yìn. Yàrá náà gbóná, ó ń rùn bí eruku tí iná ń yan. Obìnrin náà wo wáyà tó ta kókó yí ara wọn ká, ó wo iná kékeré tó ń tàn lára modẹ́ẹ̀mù, ó tẹ́tí sí fáànù tó ń mí. Ó ní kó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe níbẹ̀ fún òun, Olútáyọ̀ sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń lọ síta fúnra rẹ̀, pé èyí ni gbogbo wọn ń rán.

"Orúkọ ta ni wọ́n fi ń mọ̀ yín níta?"

"Tirẹ̀ ni, mà."

Ìbínú wà nínú ohùn ìyá náà, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Oníṣẹ́ kú, ẹ ò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún wá ń rán òun náà níṣẹ́. Ẹ ń jí i láràárọ̀. Ẹ ń pè é ní ọ̀lẹ. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kíá la máa ń gbé e lọ sinmi. Kí ni tèmi wá ń ṣe nílé yín?"

Ọ̀gá Babárìndé ti dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nípa àwòrán ilẹ̀. Princess ti sọ fún un létí. Ó ṣí fìlà, ó dúró síbẹ̀.

Olútáyọ̀ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ modẹ́ẹ̀mù náà, ó ṣí ìdí rẹ̀, ó fi èékánná yọ síìmù jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́. Iná kú. Nínú yàrá ńlá, kò sí ẹni tó sọ pé Ṣàfíù ti lọ.

Olútáyọ̀ rò pé ó tán nìyẹn. Ó ń retí kó ṣépè fún òun. Alájà Ìdíátù di síìmù náà sí etí híjáàbù rẹ̀, kò sì kúrò lójú kan.

"O ti fi ohùn ọmọ mi parọ́ fún mi," ló wí. "Wàyí, fi ohùn tìrẹ sọ òótọ́ kan fún mi. Ibo ni wọ́n sin ín sí?"

Ọ̀gá Babárìndé mirí sí Olútáyọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé kó má sọ. Olútáyọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹni tó sin ọmọ, wọn kì í jẹ́ kó mọ ibi tí ilẹ̀ ti gbé e mì, èèwọ̀ ni, àwọn ẹbí Ṣàfíù sì ti bẹ gbogbo àwọn tó wà níbi ìsìnkú náà pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Olútáyọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun pẹ̀lú wọn ló bu iyẹ̀pẹ̀. Ó ti ṣèlérí. Ó wo ìyá tó ń wò ó, ó rò ó pé òun ti sọ oríṣiríṣi nǹkan fún un tí òun kò fi ohùn ara òun sọ ìkankan.

"Lẹ́yìn Ìjẹ̀gùn ni, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀. Ọ̀nà náà burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ, omi ti kún gbogbo kòtò, wọ́n ń gbọ̀n sọ́tùn-ún, wọ́n ń gbọ̀n sósì, èjìká ìyá náà ń kọlu tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi kòtò kan báyìí, Olútáyọ̀ yí ojú sí òdìkejì kó tó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Alájà Ìdíátù wo ojú rẹ̀, ó wo kòtò náà. Ó di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi kọjá.

Ọgbà ìsìnkú náà kò ní ju ògiri kúkúrú àti géètì onírin kan lọ. Òjò ti dá. Olútáyọ̀ ti fẹ́ ti géètì sílẹ̀ fún un nígbà tí ìyá náà dúró.

"Èmi ò ní wọlé," ló wí. "Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò gbà mí gbọ́. Òbí kì í débẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n, ó tó mi. Ìwọ wọlé, bá mi jíṣẹ́ fún un. Sọ fún un pé Ìdíátù wá. Sọ fún un pé kó sinmi, kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi ni mo pè é."

Olútáyọ̀ bọ́ bàtà, ó sì wọlé. Koríko ti hù bo ibẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, àmọ́ ó mọ ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ń fi ohùn Ṣàfíù bá ìyá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò rò pé ọjọ́ kan á dé tí òun yóò fi ohùn ìyá bá Ṣàfíù sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró, nítorí ẹni tí àgbà rán níṣẹ́ kì í padà láì gbé èsì bọ̀. Ewúrẹ́ kan ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Omi ń kán láti ara ewé. Ó dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wọ inú ẹrẹ̀.

Nígbà tó jáde, ìyá náà ṣì wà níbi tó fi í sí, ojú rẹ̀ wà lára géètì.

"Kí ló wí?" ló béèrè.

Èsì ti wà lẹ́nu Olútáyọ̀. Ó mọ ohun tí yóò tù ú nínú, ó ti mọ̀ ọ́n kọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè sọ ọ́ lójú oorun. Ó gbé e mì.

"Kò wí nǹkan kan, mà."

Alájà Ìdíátù mirí pé òun gbọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu géètì, tòun ti híjáàbù funfun, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Olútáyọ̀ jókòó tì í, kò sì sọ fún un pé ó tó.